Etí Ṣáájú Ojú: Ìgbésẹ̀ Mẹ́fà fún Ìtúpalẹ̀ Ewì ní Kíláàsì

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ ewì máa ń gbà. Olùkọ́ a kọ orúkọ àwọn ọnà-èdè sójú pátákó: àwítúnwí, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohùnpènìyàn, àsọrégèé, ìbéèrè pèsìjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá máa wá wọn kiri inú ewì bí ẹni tí ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá ṣa púpọ̀ jọ ni wọ́n gbà pé ó mọ ewì túpalẹ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ sì ti máa ń rí nìyí: ‘Akéwì lo àwítúnwí ní ìlà kìíní àti ìlà kejì. Ó lo àfiwé tààrà ní ìlà kẹfà. Ó fi èyí dá ewì rẹ̀ lára.’ Bí ènìyàn bá mú ewì náà kúrò, tí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà ìlà nìkan ni yóò yí padà nínú ìdáhùn yìí. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìdáhùn tí ó bá gbogbo ewì mu kò sọ nǹkan kan nípa ewì kankan.

Àdánù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ti máàkì lọ, ó sì hàn kedere bí a bá wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní irú àdúgbò bí Adéwọlé ní ìlú Ìlọrin. Adéwọlé jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin. Láti ọdún 1967 tí Ìlọrin ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí, ẹ̀ka-èdè Yorùbá oríṣiríṣi ni ó ń pàdé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dàgbà níbẹ̀ kò jìnnà sí ewì rárá. Ìlọrin ni ilé dàdàkúàdà, ewì àfìlùgbè tí àwọn onímọ̀ so orírun rẹ̀ mọ́ iwì egúngún. Ìlọrin náà ni wákà ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí. Odòlayé Àrẹ̀mú, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin dàdàkúàdà, kú ní ọdún 1997, ṣùgbọ́n àwo rẹ̀ kò kú. Ọmọ tí ó ń gbọ́ irú ewì bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ mọ ìgbà tí olórin ń yin ènìyàn. Ó tún mọ ìgbà tí olórin ń fi ìyìn bo èébú mọ́lẹ̀. Ó mọ ibi tí ohùn ti yí padà àti ìdí tí àwọn àgbà fi rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó fi pátákó kọ́ ọ.

Ọmọ kan náà ni yóò jókòó ní gbọ̀ngàn ìdánwò, tí yóò rí ewì lórí bébà, tí yóò sì fi etí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yóò máa ka ọnà-èdè. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìlànà onípele kò burú. Ìtò àwọn ìpele náà ni ó wọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yẹ kí wọ́n parí sí.

Orírun Ìlànà Náà

Títúpalẹ̀ ewì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò rí rí tẹ́lẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. I. A. Richards, olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1929 lórí irú ìdánrawò bẹ́ẹ̀. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ewì láìsọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì gba èrò wọn sílẹ̀. Nínú ìṣòro mẹ́wàá tí ó rí nínú ohun tí wọ́n kọ, àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ lóye ohun tí ewì ń sọ ní gbangba. Òmíràn nínú àwọn ìṣòro náà ni pé wọ́n ń fi òfin iṣẹ́-ọnà tí wọ́n ti há sórí tẹ́lẹ̀ dá ewì lẹ́jọ́. Àìsàn tí ó ń ṣe kíláàsì Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ sọ́dọ̀ Yorùbá nìkan.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ewì tí Richards fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ ewì inú ìwé. Ewì Yorùbá ní tirẹ̀, ẹnu ni ó ti wá, pàápàá èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé. Nígbà tí Adébóyè Babalọlá tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, àkóónú ìjálá àti bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni ó jọ yẹ̀ wò. Ọlátúndé Ọlátúnjí tẹ ìwé tirẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá jáde ní ọdún 1984. Ó ya àwọn ewì tí a fi ohun tí wọ́n kó sínú dá mọ̀, bí oríkì, ẹsẹ Ifá àti ọfọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pè wọ́n dá mọ̀, bí ìjálá, rárà àti iwì. Èyí túmọ̀ sí pé ohùn jẹ́ òṣùwọ̀n láàárín àwọn onímọ̀ pàápàá. Bí ọ̀mọ̀wé kò bá lè ya ìjálá sọ́tọ̀ kúrò lára rárà láìlo etí, báwo ni ọmọ ilé-ìwé yóò ṣe túpalẹ̀ ewì láìgbọ́ ọ?

Ọ̀nà tí àwọn akéwì alohùn fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ náà ń jẹ́rìí sí i. Ọmọ-iṣẹ́ a kọ́kọ́ máa gbọ́; lẹ́yìn náà ni yóò máa tẹ̀lé ohùn ọ̀gá; ẹ̀yìn èyí ni yóò tó dá dúró lójú agbo. Ìlànà onípele ni èyí pẹ̀lú, gbígbọ́ sì ni ìpele rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ewì Ìdánrawò

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ àhesọ, ìlà mẹ́jọ nìyí. Kì í ṣe ti akéwì kankan. Fún ìdánrawò ni a ṣe tò wọ́n, a sì mú kókó wọn láti inú ìgbé ayé àdúgbò tuntun bí Adéwọlé.

Ilẹ̀ la kọ́kọ́ rà, ká tó ra búlọ́ọ̀kù;
Búlọ́ọ̀kù la kọ́kọ́ tò, ká tó kan páànù;
A kan páànù tán, ilé kò dilé.
Àlejò kan ò kanlẹ̀kùn,
Aládùúgbò kan ò bèèrè iyọ̀.
Ògiri ń wo ògiri bí orogún.
Ta ló wí fún yín pé sìmẹ́ńtì ló ń mú ilé dúró?
Ẹ jẹ́ n rí ẹsẹ̀ àlejò, kí n tó pè é nílé.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Gbígbọ́

Kí a ka ewì sókè lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni má sì mú bírò dání. Ní gbọ̀ngàn ìdánwò tí kò ti sí àyè láti pariwo, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mi ètè, kí ó máa fi ọkàn gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó yẹ kí ó wá ni ibi tí etí ti dúró. Nínú ewì òkè yìí, ‘kan’ ni yóò dá etí dúró. Wọ́n kan páànù. Àlejò kan kò wá. Kò sí ẹni tí ó kanlẹ̀kùn. Ìró òòlù kún ìbẹ̀rẹ̀ ewì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yẹ kí ọwọ́ àlejò dún lára ilẹ̀kùn, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ojú tí ó ń wá àwítúnwí yóò ka ‘kan’ mẹ́rin, yóò sì kọjá. Etí ni yóò mọ̀ pé ìró kan náà ni ó fi iṣẹ́ tí ó parí wé ìbẹ̀wò tí kò wáyé.

Etí náà ni yóò gbọ́ pé ‘ilẹ̀’ ni ewì fi bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi ‘nílé’ parí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì súnmọ́ ara wọn. Fáwẹ̀lì ìparí àti ohùn ni ó yà wọ́n. Láti ohùn ìsàlẹ̀ sí ohùn òkè ni ewì ń lọ, bí ilé tí wọ́n ń kọ́.

Nítorí èyí, olùkọ́ tí ó bá da ewì kọ láìfi àmì ohùn sí i ti fi ìgbésẹ̀ kìíní du akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí a sì tún kíyè sí sípẹ́lì. Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì tí Dénrelé Ọbasá tẹ̀ ní ọdún 1927 ti wà ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ‘aiye’ tàbí ‘enia’ nínú irú ìwé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ‘ayé’ àti ‘ènìyàn’ kí ó tó lè sọ ohunkóhun nípa ìró ìlà náà.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Olóhùn àti Agbọ́hùn

Ìbéèrè kejì ni: ta ni ń sọ̀rọ̀, ta ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe dáhùn pé ‘akéwì’ kí ó tó wò ó dáadáa. Kí ó tọpa àwọn ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Ní ìlà kìíní sí ìkẹta, ‘a’ ni: àwọn tí ó jọ kọ́ ilé. Ní ìlà keje, ó di ‘yín’. Ní ìlà kẹjọ, ó di ‘n’. Ẹni tí ó wà láàárín àwọn onílé nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù ti jáde kúrò láàárín wọn, ó sì dojú kọ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí èyí ti rí ìjà tí ó wà nínú ewì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dárúkọ ọnà-èdè kan ṣoṣo.

Fún ewì alohùn, ìgbésẹ̀ yìí tún gbòòrò sí i. Olórin dàdàkúàdà lè máa kí ẹni tí ó ṣe ìnáwó, kí ó sì máa sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí a dárúkọ lè máà jẹ́ ẹni tí a ń bá wí.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Ìtumọ̀ Gbangba

Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ewì wí ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, ní ọ̀rọ̀ lásán, láìyin akéwì, láìfa ẹ̀kọ́ yọ. Fún àpẹẹrẹ: ‘Àwọn kan ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n sì parí rẹ̀. Kò sí àlejò tàbí aládùúgbò tí ó ń yà síbẹ̀. Olóhùn kò gbà pé ilé ni, títí ènìyàn yóò fi máa wọ̀ ọ́.’ Ó jọ iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, bí Richards ti rí i ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí kò lè sọ ìtumọ̀ gbangba kò gbọdọ̀ lọ sí ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ìrìn Ewì

Báwo ni ewì ṣe rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níbo ni ó sì ti yí? Nínú ewì yìí, ohun tí ó parí ìlà kan ni ó bẹ̀rẹ̀ èkejì: búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà páànù. A ń to ìlà lé ìlà bí a ti ń to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí a bá dé ‘ilé kò dilé’, ohun tí a ń tò náà dúró. Ìlà mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e kò so mọ́ ara wọn bí ti ìṣáájú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí ilé tí kò bá ilé sọ̀rọ̀. Ìlà keje béèrè ọ̀rọ̀, ìkẹjọ dá ẹjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ọ̀pá fa ìlà sábẹ́ ibi tí ewì ti yí ti ní ìpínrọ̀ ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Ọnà-Èdè àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Ìsinsìnyí ni àkókò ọnà-èdè tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni orúkọ rẹ̀, níbo ni ó wà, iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe níbẹ̀? Ìbéèrè kẹta ni ó ń ya alákọ̀ọ́sórí kúrò lára ẹni tí ó mọ̀wé.

Ẹ wo ìlà kẹfà. Ìdáhùn tí kò kún ni pé ‘akéwì lo ìfohùnpènìyàn àti àfiwé tààrà’. Èyí tí ó kún yóò tẹ̀ síwájú: ‘Ògiri ni akéwì fún ní ojú, nítorí pé àwọn tí ó ni ojú kò jáde síra wọn. Orogún ni ó sì fi wọ́n wé, kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀tá lè máa gbé ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n orogún ń gbé agbo ilé kan, ó sì ń ṣọ́ra fún ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri méjì tí ó pín ààlà kan.’ Gbólóhùn mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n kò sí ewì mìíràn tí wọ́n lè bá mu.

Ọ̀rọ̀ àyálò náà ń fẹ́ ìbéèrè kan náà. Nínú ewì Ìlọrin, ọ̀rọ̀ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Lárúbáwá, bí ‘àdúrà’, ‘àlàáfíà’ tàbí ‘àlùbáríkà’, pọ̀ lọ jàra. Kì í ṣe ohun tí ó tó láti kọ pé ‘àyálò ni’. Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ti ilé fún gbogbo Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n bí olórin bá fi ọ̀rọ̀ inú ìwàásù sí àárín ẹ̀fẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń fi àṣẹ ẹ̀sìn ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ pé ó ń fi agbéraga ṣẹ̀sín. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni a ń wá, kì í ṣe ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Kókó Ọ̀rọ̀ àti Ìdájọ́

Kókó ọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi bẹ̀rẹ̀; òun ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá sáré mú un yóò rí ‘ilẹ̀’ àti ‘búlọ́ọ̀kù’, yóò sì kọ ọ́ pé ewì ń gba ènìyàn níyànjú láti kọ́ ilé. Ẹni tí ó ti gba ìgbésẹ̀ márùn-ún kọjá yóò sọ pé ewì ń ya ilé tí owó kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí ènìyàn ń wọ̀. Yóò sì lè tọ́ka sí ‘kan’, sí ‘n’ àti sí ‘orogún’ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Lẹ́yìn èyí ni ìdájọ́. Ìyìn nìkan kọ́ ni ìdájọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ pé ìlà keje ti là á ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ìlà kẹrin sí ìkẹfà ti fi ohun kan náà hàn láìdárúkọ sìmẹ́ńtì. Ẹlòmíràn lè dáhùn pé bí ìlà keje kò bá sí, ‘yín’ kò ní sí, olóhùn kò sì ní rí ẹni tí yóò kọjú sí. Kí olùkọ́ gba èrò méjèèjì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti mú ẹ̀rí wá láti inú ewì.

Àtakò Mẹ́ta

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé àkókò ìdánwò kò gba ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Òótọ́ ni pé àkókò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í gùn lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fi wọ́n ṣe ìdánrawò látìgbà dégbà, wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kíkọ ojú ìwé méjì tí kò sọ nǹkan kan.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ewì tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà kò ní ìlù, kò ní elégbè, kò ní agbo, nítorí náà kí ni etí yóò gbọ́? Ohun tí bébà kò lè gbà ni àwọn ìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè wọn. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ kò sí lára wọn. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wà nínú èdè fúnra rẹ̀, ibikíbi tí àmì ohùn bá sì wà ni a ti lè gbọ́ wọn.

Àtakò kẹta ni ó le jù: pé ìlànà yòówù ń pa ewì, pé ẹni tí ó bá tú aṣọ òfì sí fọ́nrán kò ní aṣọ mọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ahunṣọ ni ó mọ aṣọ í wò jù, nítorí pé ó mọ bí fọ́nrán ṣe wọnú ara wọn. Ìtúpalẹ̀ tí ó tú ewì tán tí kò tún un so pọ̀ ni ó ń pa á. Ìdí nìyí tí kókó ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, kí ó lè kó gbogbo fọ́nrán náà jọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìgbésẹ̀ mẹ́fà náà nìyí: gbọ́ ọ, mọ olóhùn, sọ ìtumọ̀ gbangba, tọ ìrìn rẹ̀, béèrè iṣẹ́ ọnà-èdè, kí o tó dárúkọ kókó, kí o tó dájọ́. Kò sí èyí tí ó nílò irinṣẹ́ olówó gọbọi. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè gbé àwo dàdàkúàdà kan sí i ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó béèrè pé ta ni olórin ń bá wí, níbo ni ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn. Kí ó wá fún wọn ní ewì orí bébà, kí ó sì béèrè ìbéèrè kan náà. Ní ọjọ́ tí ọmọ Adéwọlé bá mọ̀ pé etí tí òun ń lò níbi ìnáwó ni ó yẹ kí òun mú wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kò ní máa ṣa ọnà-èdè bí ẹ̀kùrọ́ mọ́. Yóò máa ka ewì.